Iná Pupa Wo?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ lè bi wá pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó kàn án gan-an.

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Kútọnu lọ sí Parakú gba Ṣábẹ kọjá. Àwa ọmọ Ofè mọ èrè tí ọ̀nà náà ń mú wá, a sì mọ ẹ̀mí tó ń gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn ní agbègbè Ìdáàṣà tí kò jìnnà sí wa. Bọ́ọ̀sì náà gbiná, ẹni tó lé ní ogún sì kú.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn jẹ́ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Láti oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tẹ ìjánu fúnra rẹ̀ kún un, àti èyí tó ń ta awakọ̀ jí bí oorun bá ń kùn ún. Àwọn ọkọ̀ ọdún 2014 ti di àlòkù báyìí. Ti 2024 náà ń bọ̀.

Iná kéékèèké ni ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń fi kìlọ̀ fún awakọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ pín iná náà sí ọ̀nà méjì. Èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ ń sọ pé ewu wà, kí o dúró. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé kí o ṣọ́ra, kí o gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí iná ABS tó ní àwọ̀ ìyeyè kò bá kú, ìjánu ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n táyà lè há bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Bí iná ìjánu tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ kò bá kú lẹ́yìn tí a ti tú ìjánu ọwọ́ sílẹ̀, ìjánu fúnra rẹ̀ lè máà mú mọ́.

Ibí ni iṣẹ́ wa wà. Epo pupa, èèyàn pupa, aṣọ pupa: ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò. Berlin àti Kay kọ ọ́ ní ọdún 1969 pé nínú èdè tó ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, orúkọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gba àwọ̀ ìyeyè mọ́ra. Kì í ṣe àléébù èdè. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá pe mẹkáníìkì pé, "Ọ̀gá, iná pupa tàn," iná pupa wo? Ọ̀kan ní kó dúró, èkejì gbà á láyè láti rọra máa lọ.

Àwọn kan á ní kí awakọ̀ kọ́ rouge àti jaune. A kò gbà pé ìyẹn tó. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé náà ń wakọ̀, orúkọ àwọ̀ kò sì sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Èrò wa ni pé kí a fi ohun tó yẹ ní ṣíṣe sọ iná lórúkọ: iná dúró àti iná ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí a má jókòó sí yàrá ìkàwé hun orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibùdókọ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe iná wọ̀nyí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì dá a padà fún wọn ní ìwé pélébé tó ní àwòrán.

A mọ̀ pé iná kò rọ́pò táyà tó dára tàbí eré tó mọ níwọ̀n. Àmọ́ àrokò ni iná wọ̀nyí. Àrokò tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí kò lè tú, ẹrù lásán ni.