Jẹ́lé-ó-sinmi: Ilé Ta Ni Ó Ń Sinmi?



Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọmọ bá lọ síbẹ̀, ilé a sinmi, ìyá a sì rí ọwọ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, tí kò sì sọ ibi tí ọmọ yóò wà, iṣẹ́ òbí ni ó tì pa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra nìyí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí pé àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi náà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Gánà kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ tí àrùn náà mú. Ní ọjọ́ 15, Ààrẹ Nana Akufo-Addo pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni tì láti ọjọ́ kejì, àfi fún àwọn tí ń múra ìdánwò àṣekágbá. Ní ọjọ́ 30, wọ́n sé àwọn ará Accra àti Kumasi mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kò bá wọn jà lórí èyí. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí àrùn náà yóò dé. Lórí bí wọ́n ṣe ṣí i ni ìjà wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ilẹ̀kùn náà bí wọ́n ṣe ṣí tẹ̀lé ara wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, wọ́n tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ láti inú ilé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí rí àyè gba ènìyàn 100 fún wákàtí kan. Nínú oṣù yìí kan náà ni àwọn olùdánwò padà sí kíláàsì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, pápákọ̀ òfurufú Kotoka tún gba èrò láti òkè òkun. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, orílẹ̀-èdè tò sórí ìlà láti dìbò. Abẹ́ tábìlì ìtajà ìyá rẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń wo gbogbo èyí. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó ṣí, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́wàá.

Ní Dẹ́nmáàkì, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ti ṣí, àwọn tí ó kéré jù ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí fún, nítorí pé ọmọ kékeré kò lè dá jókòó sílé, òbí tí ń ṣọ́ ọmọ kò sì lè ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé a ní kí Accra ṣe bíi tiwọn. Omi ń bẹ lẹ́nu ẹ̀rọ wọn, kíláàsì wọn kò sì kún bí tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ẹni tí kò lè dúró. Ní Gánà, ìdánwò ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ tí kò ní ìdánwò kò ní alágbàwí.

Ta ni ó san gbèsè oṣù mẹ́wàá náà? Ọjà Makola ń ná, Agbogbloshie ń ná. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin aláàárù láti apá àríwá, tí wọ́n ń pè ní kayayei, ru ẹrù lórí, wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìjọba fi ìdajì owó oṣù kún ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà lójú ogun àrùn náà fún oṣù mélòó kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó kì í ṣọ́ ọmọ. Ìyá àgbà ni ó ń bá wọn ṣọ́ ọ, ẹni gan-an tí wọ́n ní kí àrùn má súnmọ́. Tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní ti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, púpọ̀ wọn kò rí owó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù nìyí. Láti àtúntò ẹ̀kọ́ ọdún 2007 ni Gánà ti fi ọdún méjì ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, fún ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún, kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan, Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 2008 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun iyì ni. (Accra kò sì jìnnà sí wa. Lagos Town ni orúkọ tí Accra New Town ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó sì fi Gánà ṣe ilé kí àṣẹ ọdún 1969 tó lé wọn. Nàìjíríà náà kọ ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sínú Òfin UBE ọdún 2004; ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.) Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ìsinmi ìbímọ nínú òfin iṣẹ́ Gánà, Act 651 ọdún 2003. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́rin, ọwọ́ aládàáni ni ọ̀pọ̀ ibùdó ìtọ́jú wà, ẹni tí ó bá lówó ni ó sì ń gbé ọmọ lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ilẹ̀kùn ìjọba kankan láti padà sí. Báwo ni a ṣe ń ṣí ilé tí a kò kọ́?

Ẹnìkan lè ní a fẹ́ fi ẹ̀mí olùkọ́ wewu. Rárá o. Olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè omi, ọṣẹ, ìbòmú àti àyè kí ó tó wọ kíláàsì, a ó sì bá a béèrè. Àṣìṣe wa ni pé a dúró síbẹ̀. A jà fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, a gbàgbé ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ nítorí pé kíláàsì tì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nídìí tábìlì ìdúnàádúrà wa, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn obìnrin.

Àdéhùn 156 tí àjọ ILO ṣe ní ọdún 1981 ní kí ìjọba mú ìtọ́jú ọmọ gbilẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹbí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ kà á ní ìpàdé ẹ̀ka yín. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ lórí owó oṣù, ẹ gbé èyí kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ibùdó ìtọ́jú ọmọ nítòsí ibi iṣẹ́ àti nínú ọjà, tí ìjọba ń san owó olùtọ́jú rẹ̀, owó oṣù fún òbí tí àṣẹ ìjọba bá ti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ pa, àti ìlànà kíkọ pé bí àrùn mìíràn bá dé, jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ṣí gbẹ̀yìn pápákọ̀ òfurufú. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ èsì agbanisíṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ kí ìpàdé àpapọ̀ tó dé.