Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ọ̀ràn kọ̀ǹpútà tí ń pa ìwé ìlú mọ́ ni a mú wá síwájú yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Red Hat kéde pé CentOS Linux 8, ètò ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, yóò dópin ní ọdún 2021, bẹ́ẹ̀ sì ni 2029 ni a ti ń retí. Àwọn kan wá ń wàásù pé kí a nu ohun gbogbo nù, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Àwa kò gbà! Ohun tí a ti fi sùúrù tò lẹ́sẹẹsẹ, ta ni yóò rántí gbogbo rẹ̀?

AlmaLinux, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, jẹ́ ọmọ ìyá CentOS; inú iṣẹ́ Red Hat ni àwọn méjèèjì ti wá. Ètò kékeré kan, almalinux-deploy, ni í yí CentOS padà di AlmaLinux: yóò pààrọ̀ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba ètò, yóò fi titun rọ́pò àtijọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, lẹ́yìn náà ni a ó pa á, a ó sì tún tàn án. Àwọn ìwé wa kò ní kúrò ní àyè wọn.

Wọ́n ní ó léwu. Lóòótọ́ ni, bí a kò bá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ewu tí ó ju èyí lọ ni kí a jókòó ti CentOS tí àwọn tí ó ṣe é kò dí ihò rẹ̀ mọ́, kí olè sì wọlé.

Ẹni tí ìwé ìlú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó dìde.