Bọ́ọ̀dù Ṣáínà dáa o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín nílé ná

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Ìgbẹmọ-Èkìtì fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa ké tí omi bá ti ń gbẹ nínú àkùrọ̀ ìrẹsì bàbá rẹ̀. Ó ti ya àwòrán rẹ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà, ó wá ku bọ́ọ̀dù tó máa to gbogbo ẹ̀ lé. Ṣé kó ṣe é nílé ni, àbí kó rà á láti Ṣáínà?

Èrò tèmi ni pé kó kọ́kọ́ ṣe é nílé.

Ẹjọ́ àwọn tó ní ká rà á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Iléeṣẹ́ bíi JLCPCB ní Shenzhen máa ń polówó bọ́ọ̀dù kékeré márùn-ún ní dọ́là 2 péré. Ihò rẹ̀ máa ń gún régé, ojú méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́. Kódà, lọ́dún 2025, kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kéde pé ọjà tí owó rẹ̀ kò bá ju dọ́là 300 lọ kò ní san owó ibodè mọ́. Àmọ́ owó tí wọ́n fi ń gbé e wá sábà máa ń ju owó bọ́ọ̀dù gan-an lọ, ẹ ó sì dúró de ẹrù. Tí àṣìṣe bá wà nínú àwòrán yín ńkọ́? Márààrún ni wọ́n máa kó àṣìṣe kan náà wá fún yín.

Ti ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó fi printer laser tẹ àwòrán sórí bébà tó ń dán, ẹ ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà, ẹ ó sì rì í sínú omi ferric chloride kó jẹ bàbà tí yíǹkì kò bò. Àṣìṣe tẹ́ ẹ bá rí lálẹ́ òní, ẹ lè tún un ṣe lọ́la. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń wọni lára. Tó bá wá di èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tà fáráyé, ẹ paṣẹ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò ní gbà: kí ẹnikẹ́ni da omi yẹn sí gọ́tà tàbí odò. Bàbà tó ti yòrò sínú rẹ̀ ń pa ẹja. Ẹ rọ ọ́ sínú ike, ẹ dé e pa.

Àmọ́ ibo la fẹ́ kí wọ́n kó ike náà lọ? Iṣẹ́ ìjọba àti àwọn iléèwé wa nìyẹn. Federal Polytechnic wà l'Ado, EKSU wà níbẹ̀, ariwo Ekiti Knowledge Zone náà sì ti gba ìgboro. Yàrá kan ṣoṣo tó ní atẹ́gùn, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, àti ibi tí wọ́n ti ń gba omi olóró, ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Òkúta inú ìrẹsì Ìgbẹmọ ló jẹ́ káwọn kan máa sá fún un tẹ́lẹ̀. A ò torí ẹ̀ pa oko tì, ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta la wá. Bó ṣe yẹ ká ṣe ti bọ́ọ̀dù náà nìyẹn.