Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, ta ni nínú yín tí kò gbọ́ òwe yìí rí: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni? A máa ń pa á fún ẹni tí ń fojú ìránṣẹ́ wo ẹni tí ó bá olówó rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹni tí ó pa òwe náà nawọ́ sí Àgùàlà fún mi, ọ̀pọ̀ ni yóò máa wo òkè bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ó máa ń dùn mí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn.

Àgùàlà ni plánẹ́ẹ̀tì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti ṣọ́ ojú ọ̀run pẹ́. Bí ẹ bá rí Àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá lálẹ́ òní, ẹ tún jáde lọ́la ní àkókò kan náà. Ẹ na apá tààrà, kí ẹ di ìkúùkù: òṣùpá yóò ti fi ju ìwọ̀n ìkúùkù kan lọ sún sí ìhà ìlà-oòrùn, Àgùàlà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tí ó wà lánàá. Ajá wo ni olówó rẹ̀ ń lọ tí kò tẹ̀ lé e?

Bí ẹ kò bá dá ìṣọ́ náà dúró, ẹ ó rí i pé ó ń yọ lálẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, á pòórá fún ọjọ́ díẹ̀, á sì padà yọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ọjọ́ 584 ni ó fi ń parí àyíká yìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó máa ń padà sí ibi kan náà ní ọjọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó wọ ilé-ìwé girama lè ti wà ní yunifásítì kí ó tó rí ìpadàbọ̀ náà.

Sàkí kò ju dígírì mẹ́sàn-án lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ọ̀nà tí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ máa ń ga lórí wa ju bí ó ti ń ga ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Mercury pàápàá, tí kì í jìnnà sí oòrùn, rọrùn láti rí níbí ju ọ̀dọ̀ wọn lọ. Igi ọ̀dàn kò sì dí ojú bí igbó ńlá. Bí iná mànàmáná bá tún lọ (gbogbo wa la mọ̀ bí ó ti ń lọ), òkùnkùn tí àwọn ẹlòmíràn ń náwó wá kiri dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, báwo ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe ń kọ́ nípa plánẹ́ẹ̀tì? Orúkọ mẹ́jọ ni wọ́n ń kà sórí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú yàrá, ní ọ̀sán gangan! Olùkọ́ Yorùbá ní òwe, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní plánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì jọ jáde lálẹ́ rí.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sí owó awò. Ojú lásán ń rí plánẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Jupiter àti Saturn súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìbú òṣùpá lọ, ojú lásán tó o. Eruku ọyẹ́ nìkan ni mo bẹ̀rù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn òjò, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti iye ìkúùkù tí ó fi ga sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Sàkí lè fi Òkè Àsabàrí ṣe àmì.