Àwọn Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀ Ńlá: Ta Ni Ìyìn Àwárí Tọ́ sí?

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé girama kan léèrè pé ta ni ó ṣẹ́gun àrùn ìgbóná, kíá ni yóò dáhùn pé Edward Jenner ni, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1796. Olùkọ́ yóò ní ó gbà á, yóò sì fún un ní máàkì. Èmi náà kò ní sọ pé irọ́ ni ìdáhùn yìí. Ohun tí mo ń bá a jà sí ni pé ó kúrú jù. Bí a ṣe máa ń pa ìtàn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ń mú kí wọ́n rò pé inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni àwárí ti ń já bọ́ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ọmọ tó bá gba irú èyí gbọ́ yóò ká ọwọ́ lẹ́rán, yóò máa retí ẹlòmíràn tí Ọlọ́run fún ní irú orí bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí á mọ irú ohun tí ìgbóná jẹ́, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò kò bá a láyé. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí èyí tó le nínú rẹ̀ bá mú, bí mẹ́ta ló ń kú. Ẹni tí kò bá kú lè fọ́ lójú, àpá rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú onítọ̀hún títí dọjọ́ alẹ́. A fojú bù ú pé nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó pa ní ọ̀rúndún ogún nìkan. Àwọn baba wa bẹ̀rù rẹ̀ débi pé wọn kì í dá orúkọ rẹ̀ gan-an. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀-gbígbóná, tàbí Ọba. Ẹni tí ó bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, èyí ni wọ́n fi ń kì í ní Alápadúpẹ́. Ẹ rò ó wò ná, ìyá tí wọ́n ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa á lọ́mọ!

Ọgbọ́n kan ti wà nílẹ̀ kí a tó bí Jenner ní 1749. Àwọn ará Ṣáínà mọ̀ ọ́n, àwọn ará Íńdíà mọ̀ ọ́n, àwọn ará Túrkì mọ̀ ọ́n, àwọn ènìyàn kan ní Áfíríkà níhìn-ín náà sì mọ̀ ọ́n. Wọn a mú díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tí ìgbóná ń ṣe, wọn a sín gbẹ́rẹ́ sí ara ẹni tí kò tíì ní in rí, wọn a sì fi omi náà sí ojú gbẹ́rẹ́. Àrùn náà yóò mú un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í le. Bí ó bá ti san, ó bọ́ lọ́wọ́ ìgbóná nìyẹn. Ewu kò ṣàì sí nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn kú, ẹni tí wọ́n ṣe é fún sì lè kó o ran ará ilé.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n mọ ọgbọ́n yìí, ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni Onesimus. Ẹrú ni. Áfíríkà ni wọ́n ti kó o, ọ̀dọ̀ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Cotton Mather ni ó sì ti ń sìn ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá ìgbóná ti ṣe é rí, èsì tó fọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti sín in ní gbẹ́rẹ́ nílé, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn án. Mather kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà ní 1716. Nígbà tí ìgbóná wọ Boston ní 1721, ó kọ̀wé sí àwọn oníṣègùn ìlú pé kí wọ́n dán an wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, Zabdiel Boylston. Ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ ọdún 6, àti ẹrú rẹ̀ méjì ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún.

Ìlú gbaná jẹ. Oníṣègùn mìíràn, William Douglass, fi ẹ̀rí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ẹlẹ́yà. Ẹnìkan tilẹ̀ ju bọ́ǹbù gba ojú fèrèsé wọ ilé Mather lóru, orí ló yọ wọ́n tí kò bú. Ṣùgbọ́n Boylston kò gbé ìwé rẹ̀ jù sílẹ̀, ó ń kọ iye ẹni tí ó ṣe é fún àti iye tó kú. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà rọlẹ̀, a rí i pé nínú nǹkan bí 5,900 ènìyàn tí ìgbóná mú, ó lé ní 800 tó kú. Nínú àwọn tó lé ní 240 tí wọ́n sín ní gbẹ́rẹ́, 6 ló kú. Ìyẹn ni pé ẹnì kan nínú méje ní apá kan, ẹnì kan nínú ogójì ní apá kejì. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àlàyé ẹnu ló pa àwọn alátakò lẹ́nu mọ́, ìṣirò ni. Ọ̀rọ̀ ẹrú di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan jókòó tí ó kà á.

Mo mọ̀ pé níbi tí mo bá a dé yìí, àwọn kan yóò ti máa pàtẹ́wọ́. Wọn yóò ní, "Àbí ẹ ò rí i? Àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀ kí òyìnbó tó dé." Mo fẹ́ bá irú wọn fa ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni èrò tèmi ti yàtọ̀.

Ní ọdún 1774, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Benjamin Jesty wà ní abúlé Yetminster ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará oko ibẹ̀ ti ń sọ pé ìgbóná kì í mú obìnrin tí ń fún wàrà bí àrùn kékeré kan tó máa ń yọ lára ọmú màlúù bá ti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbóná súnmọ́ tòsí, Jesty mú omi egbò lára màlúù, ó fi abẹ́rẹ́ fín in sí apá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ yá. Àwọn aládùúgbò bú u bí ẹni láyin. Jesty gba ìdílé rẹ̀ là, ó sì padà sídìí oko rẹ̀. Ọdún 22 gbáko kọjá lẹ́yìn èyí kí Jenner tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mélòó ni ìgbóná pa láàárín ọdún 22 yẹn?

Èmi kò bá Jesty wí, àgbẹ̀ ni, kì í ṣe akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ohun tí Jenner ṣe hàn. Jenner náà gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn afúnwàrà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èbìbí, 1796, ó mú omi egbò lọ́wọ́ Sarah Nelmes tí ń fún wàrà, ó fi í sí apá James Phipps, ọmọ ọdún 8. Ní oṣù Agẹmọ, ó fi ìgbóná gan-an sí ọmọ náà lára, kò mú un. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London kò gba ìwé tó kọ́kọ́ kọ, wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Kò bínú jókòó. Ó tún un dán wò lára àwọn mìíràn, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé jáde ní 1798. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ìbupá ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, nílé àti lẹ́yìn odi. Ó kọ́ ahéré kan sínú ọgbà rẹ̀ níbi tí ó ti ń bupá fún àwọn tálákà láìgba owó. Ìdí tí ìyìn fi tọ́ sí i nìyẹn lójú tèmi. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́kọ́ dán an wò ní gbangba, tí ó sì kọ bí ó ti ṣe é sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku díẹ̀ káàtó nínú ọ̀rọ̀ Jenner náà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni Phipps, ọmọ ẹni tí ń tọ́jú ọgbà ni, kò sì sí bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè sọ pé òun kò gbà. Bí oníṣègùn kan bá dán irú rẹ̀ wò lónìí, ilé ẹjọ́ ni yóò bá ara rẹ̀. Ìtàn fi yé wa pé Jenner fún Phipps ní ilé tí kò san owó rẹ̀ nígbà tó dàgbà, Phipps sì wà níbi ìsìnkú rẹ̀ ní 1823. Inú mi dùn sí èyí, ṣùgbọ́n kò pa ìbéèrè náà rẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sílé. Oníṣègùn òyìnbó kan wà ní Èkó tí ń jẹ́ Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá, tí a bí ní 1861. Ó ń ṣe é ní kàyéfì pé ìgbóná kì í tán nílùú bó ti wù kí wọ́n bupá tó. Ó dọ́gbọ́n wọ inú awo àwọn tí ń bọ Ṣànpọ̀nná. Ìròyìn tí ó mú jáde ni pé àwọn kan nínú wọn ń há èépá egbò òkú ìgbóná, wọ́n sì ń fi í tan àrùn náà ká. Àwọn kan náà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹrù ẹni tí ó bá pa. Ìròyìn yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹgbẹ́ awo náà. N kò sọ pé gbogbo abọrẹ̀ ni apànìyàn o. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí wé ti Onesimus. Omi egbò àti èépá kan náà ni. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, ó ń dáàbò bo ọmọ. Níbi tí ó ti di awo, ó di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé àwọn baba òun mọ oògùn kan, ìbéèrè tèmi ni pé ta ni wọ́n sọ ọ́ fún?

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ní àwíjàre kan tó lágbára. Wọ́n ní bí àwọn bá fi ewé han ẹnìkan lónìí, lọ́la ni yóò máa tà á nínú ìgò, kò sì ní fún àwọn ní kọ́bọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Jenner ní 10,000 pọ́n-ùn ní 1802, wọ́n tún fún un ní 20,000 ní 1807. Ẹni tó bá fẹ́ kí oníṣègùn la ẹnu, kí ó kọ́kọ́ wá òfin tí yóò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ jẹun.

Láti ìgbà Jenner títí tí ìgbóná fi tán, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan. Ní 1803, ọmọ òrukàn 22 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Sípéènì lọ sí Amẹ́ríkà. Apá wọn ni ìgò oògùn: wọ́n ń mú omi ìbupá láti apá ọmọ kan sí òmíràn kí ó má baà kú lójú òkun. Ní ìparí 1966, oògùn kò tó nǹkan lọ́wọ́ William Foege, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Kò lè bupá fún gbogbo ìlú. Ó wá fi rédíò bi àwọn ajíyìnrere ní abúlé kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tí ìgbóná wà, ó sì bupá fún àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ṣán igbó yí oko rẹ̀ ká kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà wọ̀ ọ́. Foege fúnra rẹ̀ ti bá wọn pa iná igbó rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé káàkiri ayé. Ní 1970, ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, kí ó wo apá wọn lókè, ó ṣeé ṣe kí ó rí ojú ìbupá níbẹ̀.

Ẹni tí ìgbóná mú kẹ́yìn láàárín ìlú, láìṣe pé ó ti inú yàrá àyẹ̀wò jáde, ni Ali Maow Maalin, alásè ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Merca ní Sòmálíà, ní oṣù Ọ̀wàrà, 1977. Ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Èbìbí, 1980, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé. Ilé ìwòsàn ni Maalin ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò tíì bupá, nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìrora abẹ́rẹ́. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀kan lára àwọn tí ń fún àwọn ọmọdé ní oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Sòmálíà. Bí òbí kan bá kọ̀, ìtàn ara rẹ̀ ni yóò jókòó sọ fún un. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà tí ibà fi pa á ní 2013.