Ẹ Má Tíì Pa Sáfà Àtijọ́

Ní Òkèrèwè níhìn-ín, ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ rere ti í mọ́ wá, bí olórí ẹbí kan bá papò dà tí òmíràn sì jókòó sípò rẹ̀, a kì í torí pé ẹni tuntun kò mọ ẹni tó ni yàrá ẹ̀yìnkùlé kí a lé onítọ̀hún síta. Àwọn àgbà ilé yóò kọ́kọ́ pè é jókòó, wọn yóò sì ro ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un. Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Àṣà yìí ni mo rántí ní ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa pààrọ̀ sáfà ímeèlì rẹ̀.

Sáfà kan ṣoṣo náà ló ń gbé lẹ́tà wa, òun náà ló sì ń tọ́jú fódà àjùmọ̀lò tí ìwé ìyáwó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí tuntun dé, ímeèlì ń wọlé, ó ń jáde, inú wa sì dùn, títí akọ̀wé fi fẹ́ ṣí ìwé ìyáwó fún ìyá oníṣòwò kan tó ti wà lórí àga gbọọrọ láti aago mẹ́jọ, tí kọ̀ǹpútà sì ní kò láṣẹ láti wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun yóò padà wá. Ojú tì mí.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wa yẹ ibi tí orúkọ àwọn tó láṣẹ máa ń wà wò, kò bá orúkọ kankan. Nọ́ńbà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21 ló tò síbẹ̀. Windows kì í fi orúkọ dá ènìyàn mọ̀: nọ́ńbà tó fún un lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń wò. A ti forúkọ gbogbo wa sílẹ̀ lákọ̀tun lórí sáfà tuntun. Akọ̀wé ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà fódà náà, àlejò pátápátá ni.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ dábàá pé kí a ṣí fódà náà sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì ń kọ̀ títí dòní, nítorí pé ìwé gbèsè ọmọnìkejì ẹni kì í ṣe ohun tí à ń tẹ́ sójú ọ̀nà. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní parun: sáfà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ẹnikẹ́ni kò tíì nu inú rẹ̀. A tàn án, àwọn nọ́ńbà náà padà di orúkọ, a dà wọ́n kọ sórí ìwé, a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ rẹ̀ lórí sáfà tuntun.

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Exchange 2016 àti 2019, ètò tó ń darí sáfà ímeèlì, dúró, nítorí náà ọ́fíìsì mìíràn yóò tún gba ọ̀nà tí a gbà yìí. Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, mo bẹ̀ yín, kí oníṣẹ́ tó fa wáyà sáfà àtijọ́ yọ, ẹ ní kó kọ orúkọ àwọn tó láṣẹ sórí fódà kọ̀ọ̀kan lé yín lọ́wọ́.