Gbígòkè Kì í Ṣe Iṣẹ́, Dídúró Níbẹ̀ ni Iṣẹ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà: ìgbà wo ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò tún ní ẹgbẹ́ nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà? Àwọn àgbà náà ń bèèrè rẹ̀, pàápàá àwọn tí ó rántí ìgbà tí Prime FC ti Òṣogbo wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ ńlá kí ó tó já bọ́ padà sí ìsàlẹ̀. Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí gómìnà tú owó sílẹ̀. Èkejì ni pé kí a lọ ra àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn ti kàn níbòmíràn. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo tilẹ̀ gbà pé a kò béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè. Ohun tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé, bí a bá débẹ̀ lọ́la, kí ni yóò mú wa dúró?

Adẹ́mu tí ó gun ọ̀pẹ láìní igbà lè dé òkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, kí ni yóò dì í mú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìṣirò wò ó. Ẹgbẹ́ 20 ni ó wà nínú líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò pàdé àwọn 19 yòókù lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lóko, èyí tí ó jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó gbẹ́yìn yóò já bọ́, ìyẹn ni pé ẹyọ kan nínú márùn-ún ni sáà kọ̀ọ̀kan ń gbé mì. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 tí ó gbá nílé yóò ní àmì 57, bí kò tilẹ̀ mú ẹyọ kan bọ̀ láti ìrìn àjò. Ẹ ó rí i pé pápá ilé ni oko tí ẹgbẹ́ tuntun ti ń jẹun.

Ìrìn àjò ńkọ́? Ní ìpele kejì, a máa ń pín àwọn ẹgbẹ́ sí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù, nítorí náà ọ̀nà kì í jìn jù. Nínú líìgì àgbà, gbogbo Nàìjíríà ni pápá. Ẹgbẹ́ tí ó ti Òṣogbo gbéra lè ní láti lọ bá Katsina United tàbí El-Kanemi Warriors ní àríwá, kí ó sì tún padà wá múra fún ìdíje mìíràn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ilé ìtura àti owó oṣù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlù àti ijó ọjọ́ ìgbéga ti máa ń dákẹ́ nígbà tí oṣù karùn-ún bá dé, tí àpò sì ti gbẹ. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tuntun ti ń já bọ́, kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn rárá.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ méjì láti ilẹ̀ Yorùbá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àgbà tí ó gba ife àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1976. Èkejì ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí kò lo ju sáà kan ṣoṣo lọ. Òkìkí kò gba àgbà là, bẹ́ẹ̀ ni ìtara kò gba ọmọdé là.

Ohun tí Remo Stars ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Wọn kò tú ẹgbẹ́ ká. Wọ́n tún gòkè, wọ́n sì tún já bọ́ ní ọdún 2019. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ayé ń lépa òun. Wọ́n padà sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti ní pápá tiwọn àti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí a ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kẹta. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe ní sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n padà dé, wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ní ọdún 2025, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ogunmodede, wọ́n gba líìgì. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Yorùbá tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, 'Ṣebí owó Kunle Soname ni!' Òótọ́ ni pé ọlọ́rọ̀ ni olùdásílẹ̀ Remo Stars. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni, kí ló dé tí wọ́n fi já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí owó náà wà níbẹ̀? Ẹ sì jẹ́ kí a rántí àwọn tí ó ṣáájú. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife ìdíje gbogbogbòò ilẹ̀ wa ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì ní 1986 bákan náà, ó sì dé àṣekágbá ife àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife ilẹ̀ wa ní 1985 àti 1987. Níbo ni wọ́n wà lónìí? Nígbà tí onílé-iṣẹ́ tàbí olówó yọ ọwọ́, ẹgbẹ́ kú. Ìgò òróró tí ó jẹ́ ti ẹnì kan, ẹni náà ni yóò gbé e lọ nígbà tí ó bá ń relé.

Àwọn mìíràn yóò fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rí. Wọn yóò sọ pé Nottingham Forest gòkè ní 2022, ó ra agbábọ́ọ̀lù tí ó ju 20 lọ, kò sì já bọ́. Mo gbà. Ọmọ Ìlọrin kan, Taiwo Awoniyi, wà lára àwọn tí wọ́n rà, òun ni ó sì gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Arsenal ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ọkàn wọn fi balẹ̀ pé wọn kò ní já bọ́ mọ́. Inú gbogbo wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Luton, Burnley àti Sheffield United gòkè ní 2023, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó já bọ́ ní 2024. Leicester, Ipswich àti Southampton gòkè ní 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó já bọ́ ní 2025. Owó ńlá ni púpọ̀ nínú wọn ná. Ẹ má sì gbàgbé pé owó tẹlifíṣàn tí ẹgbẹ́ tí ó gbẹ́yìn pátápátá ń gbà lọ́hùn-ún ju 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Bí ó bá já bọ́, kò ní sùn lébi. Ẹni tí kò ní irú àká bẹ́ẹ̀, tí ó wá ń náwó bí ẹni tí ó ní in, ìtìjú ni ó ń rà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìjọba. Àwọn mẹ́rin tí ó já bọ́ ní sáà 2024 sí 2025 ni Akwa United, Lobi Stars, Heartland àti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Akwa United gba líìgì ní 2021, Lobi Stars gbà á ní 2018, síbẹ̀ kò gbà wọ́n sílẹ̀. Ní sáà kan náà, Ikorodu City tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ní 2024, tí kì í ṣe ti ìjọba, dúró gbọn-in. N kò sọ pé ẹgbẹ́ ìjọba kò lè ṣe dáadáa. Enugu Rangers jẹ́ ti ìjọba, òun ni ó sì gba líìgì ní 2024. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tí ó ń gbọ́kàn lé ìwé tí ẹnì kan kò tíì buwọ́ lù ní ọ́fíìsì kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tí ó ń gbọ́kàn lé àpò olówó kan. Bí gómìnà bá yí padà, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, ẹgbẹ́ di aláìníbaba.

Kí ni kí Òṣogbo àti Iléṣà ṣe? Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan tán kí ó sì máa lọ. Ohun mẹ́ta ni mo ní kí a béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun yóò gbé wa gòkè.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìṣirò owó. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni ó yẹ kí ó jẹ́ olùkọ́ wa nínú èyí. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Ó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn, ó sì ń dá ọjọ́ tí yóò gba owó. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ń sọ tibí sọ tọ̀hún, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi gba owó náà. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Agbábọ́ọ̀lù ọmọ ogún ọdún tí a kò san owó oṣù fún kò ní agbára láti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá kankan, wọn yóò lé e dànù ni. Àwa ará ìlú ni ó yẹ kí ó bá a lóṣòó. Kí ẹgbẹ́ tó gòkè, kí wọ́n fi hàn wá níbi tí owó oṣù àti owó ìrìn àjò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 wà. Bí kò bá sí, kí wọ́n má tíì gòkè.

Èkejì ni pápá tí ó jẹ́ tiwa, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó jẹ́ tiwa. Kí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wà ní Òṣogbo, kí òmíràn wà ní Iléṣà, kí wọ́n máa pàdé ara wọn lọ́dọọdún. Ọmọ tí ó mọ pápá náà láti kékeré kò ní bẹ̀rù Enyimba lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù. Òṣogbo ìlú aró kò yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí. Aláró kì í ti aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kí ó sì máa retí pé yóò dúdú. Yóò rì í, yóò sá a, yóò tún rì í. Kí a má lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ nítorí pé ó pàdánù ní ìgbà mẹ́ta, kí a má sì tú ẹgbẹ́ ká nítorí pé ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹ́nnẹ́ já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gba ife.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn kan nínú yín gbà pé ọ̀tá ìwé ni bọ́ọ̀lù. Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín náà gbà pé ọ̀tá bọ́ọ̀lù ni ìwé, wọ́n sì ti ń múra láti sá kúrò ní kíláàsì. Ìgbàgbọ́ kan náà ni, ọmọ náà ni ó sì ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Segun Odegbami kàwé ní Pólì Ìbàdàn, ó wà nínú Shooting Stars tí ó gba ife ní 1976, ó sì gbá góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Àlùjíríà nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ti 1980. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé ìwé tí ìwé kíkà àti eré ìdárayá ti ń rìn pọ̀ ni ó dá sílẹ̀ ní Wasimi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò rí ìjà kankan láàrin méjèèjì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i tí ẹnì kan fẹ́ fi pápá ilé ìwé yín kọ́ ìsọ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Pápá yẹn ni igbà tí ẹgbẹ́ wa yóò fi gun ọ̀pẹ. Nígbà tí olóṣèlú kan bá sì gun orí àga tí ó ṣe ìlérí pé òun yóò gbé Ọ̀ṣun dé líìgì àgbà ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í léèrè pé ta ni yóò san owó oṣù kẹsàn-án. Bí ó bá dáhùn dáadáa, nígbà náà ni kí ẹ pàtẹ́wọ́.